Kí Ẹ Tó Yí Síkúrúù Epo: Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù Atẹ́gùn Nínú Mercedes 230E Àtijọ́

Ọkọ Mercedes-Benz 230E inú ọ̀wọ́ W123, tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti ọdún 1980 títí di 1985, ṣì wà lójú pópó wa, ó sì ti di ọkọ tí àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ń wá kiri báyìí. Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe é, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti torí rẹ̀ tà á ní gbàǹjo. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n nígbà tí ẹ kò tẹ tọ́tù, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tí èémí ń há, á máa jáàkì bí ẹ bá ṣe fẹ́ gbéra, nígbà mìíràn á sì dún gbàmù láti ibi tó ti ń fa atẹ́gùn. Mẹkáníìkì á ní epo ni kò lọ dáadáa. Wọ́n á pààrọ̀ pọ́ńpù epo, wọ́n á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á wá ki Allen key (kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà) bọ ihò kékeré kan, wọ́n á yí síkúrúù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, láti ọjọ́ náà lọ ni kò ní sí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni pé ọkọ yìí kì í wọn epo kó tó wọn atẹ́gùn. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ ń wọ̀n, ohun tó bá rí níbẹ̀ ló sì fi ń mọ ìwọ̀n epo tí yóò bù. Nítorí náà, nínú ẹ̀sùn mẹ́wàá tí wọ́n bá fi kan epo nínú ọkọ yìí, ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti atẹ́gùn, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan epo kó tó yanjú ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ń fi àléébù kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni ka àkọsílẹ̀ fún un nígbà tó bá dúró níwájú ọkọ. Ilé iṣẹ́ Bosch ló ṣe ètò ìfọ́npo náà, K-Jetronic ni wọ́n sì pè é. Lẹ́tà K yẹn dúró fún ọ̀rọ̀ èdè Jámánì kan tó túmọ̀ sí láìdáwọ́dúró, nítorí pé nọ́sù inú rẹ̀ kì í fọ́n epo kó dákẹ́, kó tún fọ́n bíi ti ọkọ òde òní; láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí títí dìgbà tí ẹ ó fi pa á ni epo ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Porsche 911 wà lára àwọn ọkọ tó kọ́kọ́ lò ó ní 1973, lẹ́yìn náà ni Mercedes, Volkswagen, Audi àti Volvo lò ó. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí epo nínú 230E yìí rárá. Ọ̀dọ́mọdékùnrin tó bá gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò òde òní wá síbẹ̀ á wá ihò tí yóò kì í bọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí ẹ bá ṣí ìdérí asẹ́ atẹ́gùn, ẹ ó rí ohun kan tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo, àwo roboto pẹlẹbẹ kan sì wà láàrin rẹ̀. Gbogbo atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì bá máa mí sínú gbọ́dọ̀ ti àwo yìí kó tó ráyè kọjá. Nínú àwọn ọkọ kan, ìsàlẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wá tó sì ń gbé àwo sókè; nínú òmíràn, òkè ló ti ń wá tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. A so àwo náà mọ́ apá irin kan. Bí àwo bá ṣe sún, apá irin yẹn á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè nínú irin tí páìpù epo tín-ín-rín mẹ́rin ti jáde lọ sí sìlíńdà mẹ́rin. Àwọn mẹkáníìkì ń pe irin yìí ní fuel distributor. Apínpo ni èmi ó máa pè é. Ihò tí ọ̀pá náà ń ṣí, tó ń tì nínú apínpo dà bí ìlà tí a fi abẹ fà, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.2 mm lọ. Èyí ni gbogbo ọgbọ́n náà: atẹ́gùn ti àwo, àwo ti ọ̀pá, ọ̀pá ṣí ihò, epo jáde.

Ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ni kí kílò atẹ́gùn 14.7 bá kílò bẹntiróòlù kan jó. Bí a bá fi lítà sọ ọ́, lítà epo kan ṣoṣo ń fẹ́ atẹ́gùn tó lé ní 9,000 lítà. Ẹ fojú inú wo ìdílé kan tó ń ṣe ìnáwó, tí wọ́n fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà kó máa ka àlejò tó ń wọlé, tí alásè sì ń bu oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí iye tí ẹni yẹn bá kà. Bí ọgbà bá ti ya lẹ́yìnkùlé, tí àwọn mo-gbọ́-mo-yà sì ń gba ibẹ̀ wọlé, oúnjẹ kò ní kárí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi alásè. Àwo inú àrọ ni ẹni tó ń kàyè. Atẹ́gùn tó bá gba ojú ihò kan wọlé lẹ́yìn àwo kò sí nínú ìṣirò, epo kò sì ní kárí rẹ̀. Atẹ́gùn mo-gbọ́-mo-yà ni n ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Láti inú àlàyé yìí ni ẹ ti lè mọ̀ pé ibi tí ihò wà ṣe pàtàkì ju títóbi rẹ̀ lọ. Bí ihò bá wà ṣáájú àwo, bí àpẹẹrẹ tí àpótí asẹ́ bá sán, erùpẹ̀ á wọlé, èyí sì burú fún ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ìṣirò epo kò ní yí padà torí pé atẹ́gùn náà ṣì gba ọ̀dọ̀ àwo kọjá. Bákan náà ni asẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti dí pa: yóò dín agbára ọkọ kù nígbà tí ẹ bá ń sáré tàbí tí ẹ ń gun òkè, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n ní ìdúró, ìyẹn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹ kò tẹ tọ́tù. Bí ọkọ bá gbọ̀n ní ìdúró, tó wá dára díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, ẹ̀yìn àwo ni kí ẹ lọ wá a. Ìdí ni pé ní ìdúró, atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà kéré, ihò tí kò ju imú abẹ́rẹ́ méjì lọ sì tó láti da ìṣirò rú. Nígbà tí ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn tó ń gba ẹnu ọ̀nà ti pọ̀ débi pé díẹ̀ tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́.

Ẹ tún wo púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó tú ohunkóhun. Bí ẹnu rẹ̀ bá funfun bí ẹfun, epo kò tó. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí ìdí ìkòkò, tí èéfín dúdú sì ń jáde ní sàlẹ́ńsà, epo ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà sì lè má jẹ́ ti ihò. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa fífẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ti bisikíìtì ni a ń wá. Bí ọ̀kan bá funfun tí àwọn mẹ́ta yòókù sì dára, ẹ ti rí ọ̀nà nìyẹn: ó ṣeé ṣe kí ihò wà nítòsí sìlíńdà yẹn gan-an, tàbí kí nọ́sù rẹ̀ ti dí.

Nípa ààbò, ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ kí ẹ má fojú kéré wọn. Epo inú páìpù ọkọ yìí ní agbára tó tó nǹkan bíi 5 bar (bar ni a fi ń wọn agbára tí epo tàbí atẹ́gùn fi ń ti nǹkan), ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má tú nọ́ọ̀tì páìpù epo kankan láìfi àkísà bò ó. Ẹ yọ wáyà bátìrì bí ẹ bá fẹ́ tú ohun tó bá epo tan. Kí ẹ sì gbé panápaná síbi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o, kì í ṣe inú búùtù lábẹ́ táyà àpò.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni rọ́bà ńlá tó so ilé àwo pọ̀ mọ́ ibi tí tọ́tù wà. Ọkọ tí mo fi kọ́gbọ́n jẹ́ ti 1983. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́ta, ẹni kẹta sì ní kí n lọ ra apínpo tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, owó tó dá lé e sì tó owó ẹ́ńjìnnì ọkọ kékeré. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sówó lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé, mo tú rọ́bà yẹn fúnra mi, mo gbé e wò nínú oòrùn, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo ti fẹ́ dá a padà kó tó di pé mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, bí ẹni ń fún aṣọ. Àárín ìṣẹ́po rẹ̀ tó kọjú sísàlẹ̀ là gbàgà, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi méjì. Bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún pa dé, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó ya. Lójú ẹ́ńjìnnì, gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbọ̀n ló máa ń ya ẹnu.

Nítorí náà, wíwo rọ́bà yìí lásán kò tó. Ẹ tú kílíìpù rẹ̀ méjèèjì, ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ fi aṣọ nu ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi yí i ká. Bó bá ti le bí igi, kódà tí kò tíì ya, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Mo ti rí àwọn tó fi súpà gúlúù àti rọ́bà tíúbù lẹ̀ ẹ́. Ó lè gbé yín délé, àmọ́ èéfín ọ́ìlì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á tú u láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ra tuntun. Nínú gbogbo ohun tí àkọsílẹ̀ yìí máa ní kí ẹ rà, òun ni mi ò ní bá yín dúnàádúrà lé lórí. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fọwọ́ ká etí rẹ̀ kí ẹ rí i pé kò sí ibi tó ká sínú, torí pé ibi tí ojú kò tó lẹ́yìn ni etí rọ́bà máa ń ká sí.

Lẹ́yìn rọ́bà ńlá, àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó máa ṣiṣẹ́ ní ìdúró, kí ẹ wá ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí. Bí gbogbo nǹkan bá dì dáadáa, ohùn ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀, ó tilẹ̀ lè kú, nítorí pé inú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ so pọ̀ mọ́ ọ̀nà atẹ́gùn lẹ́yìn àwo, ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ihò ńlá fún mo-gbọ́-mo-yà ni. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ́ńjìnnì kò bìkítà, ọ̀kan nínú méjì ni: ihò mìíràn ti wà tẹ́lẹ̀ tó tóbi débi pé èyí kò já mọ́ nǹkan, tàbí kí họ́ọ̀sì tó ń gbé èéfín inú ọ́ìlì lọ ti dí. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni pé rọ́bà ìdérí ọ́ìlì tó ti gbó, àti ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì tí kò jókòó dáadáa, lè jẹ́ ihò tí ẹ ti ń wá láti oṣù mẹ́fà.

Bí ẹ kò bá tíì rí i, ó kan ọ̀nà tí fọkanáísà fi ń wá ibi tí táyà ti jò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ó tutù. Ẹ yọ ìdérí asẹ́, kí ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bo ẹnu àrọ, kí ẹ fi rọ́bà tíúbù dè é pinpin. Ẹ yọ họ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ síbi búrèèkì, kí ẹ fi ẹnu pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀ lójú ihò tí ẹ ti yọ ọ́, kí ẹ fi àkísà tàbí rọ́bà dí àyíká rẹ̀. Ẹ fi igi tín-ín-rín kan há tọ́tù kó ṣí díẹ̀. Kí ẹnì kan máa pọ́ńpù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹnì kejì fi búrọ́ọ̀ṣì ta omi ọṣẹ sí gbogbo ìṣẹ́po, ìdí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú gásíkẹ́ẹ̀tì àti orí họ́ọ̀sì kéékèèké. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ fọkanáísà fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ ní gbogbo agbára rẹ̀ o; agbára tó pọ̀ ju 0.3 bar lọ lè tú ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn díẹ̀ á máa jáde ní sàlẹ́ńsà tàbí ní ihò ọ́ìlì, ìyẹn kò ṣe nǹkan, nítorí kò sí ìgbà tí fáàfù gbogbo sìlíńdà máa ń tì pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó lójú ìṣẹ́po ni ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n máa fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ yí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ká, kí wọ́n máa gbọ́ ìgbà tí ohùn rẹ̀ máa yí padà. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn náà ń gbaná bí ẹ̀tù, irin sàlẹ́ńsà tó gbóná sì wà ní ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ síbi tí ẹ ti ń fọ́n ọn, mi ò sì lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ lójú irú ọgbà mẹkáníìkì tí mo mọ̀.

Ìdí nọ́sù yẹ fún àkíyèsí tirẹ̀. Òrùka rọ́bà wà lára nọ́sù kọ̀ọ̀kan, orí ẹ́ńjìnnì ló jókòó sí, ooru ibẹ̀ sì ń yan án láti òwúrọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, rọ́bà náà á le, á sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ tú ohun tó di nọ́sù mú, kí ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti yí i. Bó bá yí gbirigbiri láìsí ìjà, òrùka ti kú. Ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa tuntun lára kí ẹ tó tì í wọlé, kí ẹ sì yẹ ibi tó jókòó sí wò, nítorí pé ike ibẹ̀ pàápàá máa ń sán.

Ẹ̀yin tí ẹ ní W123, ẹ má rẹ́rìn-ín sí èyí: ilẹ̀kùn ọkọ yín lè máa da ẹ́ńjìnnì yín láàmú. Fákúùmù, ìyẹn agbára ìfàmu tí ẹ́ńjìnnì ń fà, ló ń ti àwọn ilẹ̀kùn, búùtù àti ìdérí epo pa. Rọ́bà kan tó bá ya nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, atẹ́gùn á gba inú họ́ọ̀sì tín-ín-rín rìn títí dé ẹ̀yìn àwo. Ọ̀nà àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ yọ àwọn họ́ọ̀sì tín-ín-rín wọ̀nyẹn lójú ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dí ihò tí ẹ ti yọ ọ́, kí ẹ gbọ́ bóyá ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀. Ti búrèèkì náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ búrèèkì tí ẹ sì gbọ́ ohùn tó ń sú fòò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín títí, ibẹ̀ ti jò, kò sì yẹ kí ẹ máa wa ọkọ náà kiri rárá.

Bí ẹ̀yìn àwo bá ti dì pinpin, ó wá ku àwo fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti dún gbàmù láti ibi tó ti ń mí, ó ṣeé ṣe kí ìró yẹn ti gbé àwo kúrò ní àárín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àyíká rẹ̀: àlàfo tó wà láàrin etí àwo àti ara àrọ gbọ́dọ̀ dọ́gba yíká, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 0.10 mm. Bí ibì kan bá ń dán bí irin tí wọ́n yún, àwo ń ha ara àrọ níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fi oògùn ìfọ̀ àti aṣọ tí kì í yọ òwú nu ẹ̀gbin dúdú tó wà nínú àrọ àti létí àwo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbin yẹn nìkan ló ń há a. Ẹ tú bóòtù àárín rẹ̀ díẹ̀, ẹ ki abẹ feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) oníwọ̀n 0.10 mm sí ibi mẹ́rin yíká, kí àwo fúnra rẹ̀ jókòó sí àárín, kí ẹ wá dè é padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tí àwo gbọ́dọ̀ sinmi sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́ tún wà, ìwé atọ́nà ọkọ yín ló máa sọ ìwọ̀n rẹ̀. Wáyà tàbí ìkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ láti ṣàtúnṣe rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín bá àwo sọ̀rọ̀. Ẹ pe ríwáyà tó mọṣẹ́ kó so ojú ihò relay (ohun tó ń tan iná sí pọ́ńpù, tó sì ń pa á) ti pọ́ńpù epo tí ìwé ọkọ tọ́ka sí pọ̀, kí pọ́ńpù lè ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì jí, kí ó sì yọ ọ́. Ní báyìí, epo ti wà lórí ọ̀pá inú apínpo. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì mú bóòtù àárín àwo, kí ẹ sún un jẹ́jẹ́ sí apá ibi tí atẹ́gùn ń tì í sí. Ó gbọ́dọ̀ wúwo lọ́wọ́ yín bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ìgbà tí ẹ ń fi ṣíbí tú ẹ̀kọ mímu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Bí ẹ bá dá a padà kíákíá, kò gbọdọ̀ wúwo mọ́, torí pé ọ̀pá máa ń lọ́ra ju àwo lọ. Bó bá há níbì kan tó sì tún tú, ẹ wádìí bóyá àwo ló ń ha tàbí ọ̀pá ló ń lẹ̀. Ọkọ tó ti dúró lórí bíríkì fún ọdún méjì, ọ̀pá rẹ̀ ló sábà máa ń lẹ̀, nítorí epo tó gbẹ síbẹ̀ ti di bí ọ̀dà. Ẹ má ṣe fi yanrìn ìfágí kan án láéláé. Oògùn ìfọ̀ àti sùúrù ni, ọ̀pá apínpo kan kì í sì í bá apínpo mìíràn mu.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe sún àwo pẹ́ nígbà tí epo ní agbára, kí pọ́ńpù má sì ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ẹ bá ń sún un. Gbogbo nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tú epo sínú sìlíńdà ní àkókò yẹn, ẹ ó tilẹ̀ gbọ́ tí wọ́n ń hó ṣììì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, tó sì wá ta sítáàtì, lè tẹ apá irin inú ẹ́ńjìnnì wọ́, nítorí omi kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó máa ń fara wé àléébù atẹ́gùn. Fáàfù kan wà tó ń ṣí ọ̀nà atẹ́gùn àfikún nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tó sì ń tì í bó bá ṣe ń gbóná. Ẹ fi ìka fún họ́ọ̀sì rẹ̀ pa: bí ẹ́ńjìnnì tútù bá rọlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, bí ẹ́ńjìnnì gbígbóná náà bá rọlẹ̀, fáàfù kò tì mọ́. Ẹ̀rọ tó ń darí epo nígbà òtútù náà wà, ó ń dín agbára epo tó ń tẹ ọ̀pá láti òkè kù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù gan-an, agbára yìí lè wà ní bíi 0.5 bar, bó bá sì ti gbóná, á sún mọ́ 3.7 bar. Bí kò bá gòkè, epo á máa pọ̀ jù. Bó bá ga jù láti ìbẹ̀rẹ̀, epo á máa kéré, á sì jọ mo-gbọ́-mo-yà láìjẹ́ òun. Géèjì nìkan ló lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, mẹkáníìkì tí kò bá sì ní géèjì K-Jetronic, ìfojúdíwọ̀n ló ń ṣe.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti pé, ẹ lè wá dé ibi síkúrúù náà. Òun ló ń tún ìbátan àárín apá àwo àti ọ̀pá apínpo ṣe, ìyípo kékeré sì ń ṣe ìyàtọ̀ ńlá. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé bíi 80°C, kí ẹ dá asẹ́ padà sáyè rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín sẹ́nu sàlẹ́ńsà. Allen key 3 mm tó gùn ló ń wọ ihò náà. Lára àwọn kan, ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kó tó mú síkúrúù. Ọ̀tún ń bu epo sí i, òsì ń dín in kù. Ẹ má ṣe yí i ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ náà jáde pátápátá, kí ẹ tẹ tọ́tù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ rọlẹ̀ kí ẹ tó ka ìwọ̀n. Ẹni tó bá tẹ tọ́tù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú ihò ń wá wàhálà, torí pé apá irin tí kọ́kọ́rọ́ dì mú máa fẹ́ sún pẹ̀lú àwo.

Bí ọkọ yín bá ní rọ́bà kékeré tó ń dí ihò náà, ẹ dá a padà. Mo ti rí ọkọ tí gbogbo àtúnṣe rẹ̀ pé, tí ó sì tún ń gbọ̀n nítorí pé rọ́bà náà ṣubú sínú iyanrìn tí kò sí ẹni tó wá a. Ẹ wa ọkọ náà fún bíi 20 kìlómítà, ẹ jẹ́ kí ó tutù di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi síkúrúdíráfà tún kílíìpù rọ́bà ńlá wọ̀nyẹn dè, nítorí rọ́bà tuntun máa ń fà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbóná lẹ́ẹ̀kan.